Kí Ọmọ Tó Sọ Pé "Ẹ Yẹgi Fún Un"

Ọjà ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nípa ìdájọ́ ikú. Yálà ní Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni o, tàbí ní Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, bí ẹnìkan bá ti lọgun "Olè!", ọmọ tó ń ti iléèwé bọ̀ yóò dúró wòran. Yóò rí ẹni tó fa igi yọ, yóò gbọ́ ohùn ẹni tó ń wá táyà. Ó ṣọ̀wọ́n kó gbọ́ ohùn ẹni tó ń bèèrè pé kí ni wọ́n jí, ta ló rí i, ṣé ẹni yìí gan-an sì ni. Kí ó tó ṣẹ́jú, wọ́n ti fẹ̀sùn kan ènìyàn, wọ́n ti dá a lẹ́bi, wọ́n sì ti ń mú ìdájọ́ ṣẹ. Lọ́jọ́ kejì, tíṣà Síífíìkì yóò kọ "ẹ̀tọ́ láti wà láàyè" sójú bọ́ọ̀dù, àwọn ọmọ yóò dà á kọ, aago yóò lù, iṣẹ́ mìíràn yóò wọlé.

Bẹ́ẹ̀ ìdajì ọ̀rọ̀ ni tíṣà kọ. Abala 33 nínú ìwé-òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti wà láàyè lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú gbólóhùn kan náà ló ti yọ ẹni tí kóòtù bá dá ẹjọ́ ikú fún sílẹ̀. Ní 1998, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ ọ́ ní àsọyé nínú ẹjọ́ Onuoha Kalu pé ìdájọ́ ikú kò tako ìwé-òfin ti 1979 tó ṣáájú rẹ̀. Abala 319 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní gúúsù kò tilẹ̀ fi àyè ìrònú sílẹ̀ fún adájọ́: bí ẹ̀sùn ìpànìyàn bá ti fìdí múlẹ̀, ikú ni. Ti ìdigunjalè náà kò yàtọ̀ láti ìgbà tí ìjọba ológun ti gbé òfin rẹ̀ jáde ní 1970, lẹ́yìn ogun abẹ́lé.

Ọmọ tó mọ ìdajì tí tíṣà kọ nìkan kò ní mọ ohun tí yóò sọ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀. Èrò mi ni pé ó yẹ kí a kọ́ àwọn ọmọ wa nípa ìdájọ́ ikú, kí a sì kọ́ wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n kí a tó bi wọ́n pé "Ṣé ó dára àbí kò dára?", kí a kọ́kọ́ kọ́ wọn ní ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà dé ìdí okùn. Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni kó ìwé wá láti òkè òkun fún ẹ̀kọ́ yìí. Ó wà nínú ìtàn wọn.

Ìlú tí wọ́n fi ìdáríjì tẹ̀ dó

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Nínú ìtàn tí àwọn àgbà ìlú ń sọ, tí Àlùfáà Samuel Johnson náà sì mú wọ inú ìwé rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá, ọdẹ ni Ògúnlọlá. Ìdí igi àjàgbọn ló fi ṣe ibùdó, ìyàwó rẹ̀ sì ń ta oúnjẹ àti ọtí fún èrò. Ẹnìkan kú lọ́wọ́ Ògúnlọlá. Wọ́n mú un, wọ́n sì fà á lé Aláàfin lọ́wọ́ ní Ọ̀yọ́-Ilé. Lásìkò náà, jagunjagun kan tó ń jẹ́ Ẹlẹ́mọ̀ṣọ̀ ń da Ọ̀yọ́ láàmú. Ògúnlọlá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ kò ó lójú. Ó lọ, ó sì gbé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ̀ bọ̀. Aláàfin tú u sílẹ̀, ó padà sídìí àjàgbọn rẹ̀, ibẹ̀ sì gba orúkọ tí ìlú náà ń jẹ́ títí dòní.

Kò sí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò gbọ́ ìtàn yìí rí. Ìtàn akọni ni wọ́n fi ń sọ fún un. Tíṣà tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè sọ ọ́ bí ẹjọ́ ìpànìyàn, nítorí ẹjọ́ ìpànìyàn ni. Ẹni tó kú náà ní ìyá, ó ní bàbá. Ìtàn kò dárúkọ wọn. Ta ló bi wọ́n léèrè kí wọ́n tó tú Ògúnlọlá sílẹ̀? Ṣé akin lójú ogun tó láti fi san ẹ̀mí tó ti lọ? Bó bá jẹ́ tálákà kan tí kò mọ ìjà jà ni wọ́n mú wá síwájú ọba ńkọ́? Bí àwọn ọmọ bá ti fi wákàtí kan jà lórí ìbéèrè mẹ́ta yìí, wọ́n ti wọ inú ọ̀rọ̀ tí àwọn amòfin àgbáyé ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́: ẹni tí ìdáríjì tọ́ sí, ẹni tó ní agbára láti dárí jì, àti ohun tó kù fún ẹbí òkú.

Ìlú yìí kan náà mọ ohun tí ikú láìsí ìdájọ́ jọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní 1966, àwọn ọmọ ogun tó dìtẹ̀ gbàjọba pa Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àti Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò kẹtàlá, nílé rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní oṣù Keje 1969, nígbà rògbòdìyàn owó-orí, àwọn tí inú ń bí ya wọ ààfin, wọ́n sì pa Ṣọ̀ún tó wà lórí ìtẹ́. Àwọn tó pa Akíntọ́lá gbà pé ó jẹ̀bi. Àwọn tó pa ọba gbà pé ó jẹ̀bi. Nínú ọ̀ràn méjèèjì, kò sí ẹni tó ka ẹ̀sùn, kò sí ẹni tó gbọ́ tẹnu olùjẹ́jọ́. Àwọn baba wa sì ti sọ ọ́ pé agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Iṣẹ́ kíláàsì tó ṣe é ṣe rèé: kí àwọn ọmọ ya ojú ìwé sí mẹ́ta, kí wọ́n kọ Ògúnlọlá sí ọ̀kan, Akíntọ́lá sí ìkejì, Ṣọ̀ún sí ìkẹta. Ta ló fẹ̀sùn kàn án? Ta ló gbọ́ ẹjọ́? Ǹjẹ́ ó rí ẹnu sọ̀rọ̀? Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni wà tó lè ké sí pé òun kò gbà? Nígbà tí wọ́n bá ṣe tán, wọn yóò ti mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìdájọ́ ikú àti pípa ènìyàn lásán. Ìyàtọ̀ náà kò hàn sí gbogbo àgbà tó wà nínú ọjà.

Ọ̀yọ́, Gáà àti Abólóńgo

Ní Ọ̀yọ́, ọ̀rọ̀ náà gba ojú mìíràn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló mọ eré-oníṣe Baṣọ̀run Gáà tí Adébáyọ̀ Fálétí, tó jẹ́ ọmọ agbègbè Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀, kọ. Nínú ìṣèjọba Ọ̀yọ́, kì í ṣe ọba nìkan ló ní àṣẹ ikú lọ́wọ́; Ọ̀yọ́ Mèsì, tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, lè kọ ọba tó bá ṣìlò agbára, kí ọba náà sì lọ fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Gáà sọ àṣẹ tí ìgbìmọ̀ ní di ti ara rẹ̀. Ó rán ọba lọ sí ikú léraléra, ó sì pa ọmọ Aláàfin Abíọ́dún nígbà tó ní òun ń wá ẹran ètùtù. Ní 1774, Abíọ́dún pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ọyábí tó jẹ́ Kakaǹfò borí rẹ̀, wọ́n sì pa á pẹ̀lú ọ̀pọ̀ nínú ẹbí rẹ̀.

Bí kíláàsì bá ka ibi tí Gáà ti kú, wọn a pàtẹ́wọ́. Ibẹ̀ ni kí tíṣà ti dá wọn dúró. Ẹ̀ṣẹ̀ Gáà ni pé ó ń dá nìkan pa ènìyàn láìsí ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò. Nígbà tí wọ́n wá pa á, ta ló yẹ ọwọ́ àwọn tó pa á wò? Àwọn ọmọ rẹ̀ tó bá ìjìyà náà lọ, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn? Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dáhùn pé "Ó tọ́ sí Gáà, kò tọ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀" ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú bí adájọ́.

Kí a wá fi ti ayé àtijọ́ sílẹ̀. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Abólóńgo wà ní ìlú Ọ̀yọ́. Lálẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá 2021, àwọn agbébọn fọ́ ọ, àwọn tó lé ní 800 sì sá jáde. Gbogbo ìlú ló gbọ́ ìró rẹ̀. Ohun tí kò gba etí ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn tó sá jáde náà, ẹni tó ń dúró de ìgbẹ́jọ́ ni wọ́n. Kóòtù kò tíì dá wọn lẹ́bi; ìwọ̀nba díẹ̀ ni àwọn tí wọ́n ti dájọ́ fún nínú ọgbà náà. Nínú ètò tí ẹjọ́ ti ń pẹ́ tó báyìí, báwo ni ó ṣe yẹ kí ó dá wa lójú tó kí a tó so okùn mọ́ ènìyàn lọ́rùn? Ìbéèrè yẹn tó fún odidi ọjọ́ kan nínú kíláàsì Gọ́fúmẹ́ǹtì, àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ kò sì ní láti wo àwòrán kí wọ́n tó mọ Abólóńgo.

Nígbà tí olùjẹ́jọ́ jẹ́ ẹgbẹ́ wọn

Ohun tó máa ń mú kí kíláàsì dákẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọmọ bíi tiwọn. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bá Ògbómọ̀ṣọ́ pààlà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní 2010, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 17 gẹ́gẹ́ bí àwọn òbí rẹ̀ ti sọ. Ní 2014, ilé-ẹjọ́ gíga ní kí wọ́n lọ yẹgi fún un. Ìròyìn tó gba ìgboro kan nígbẹ̀yìn ni pé adìẹ àti ẹyin ló jí. Ẹ̀sùn tí kóòtù gbọ́ ju adìẹ lọ. Ìdigunjalè ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ síta pẹ̀lú omijé, Gómìnà Adémọ́lá Adélékè dárí jì í ní oṣù Kejìlá 2024.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ pọ̀. Èkínní, kí ọmọ mọ̀ pé ohun tí ìgboro ń sọ àti ohun tó wà nínú ìwé ẹjọ́ lè má jẹ́ ọ̀kan náà, kí ó sì máa bèèrè èyí tó wà nínú ìwé. Èkejì ni ọjọ́ orí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 sọ pé a kò gbọdọ̀ dá ẹjọ́ ikú fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Ta ló yẹ kó yẹ ìwé ọjọ́ orí wò ní àgọ́ ọlọ́pàá? Bí ìwé bá sì ti sọnù ńkọ́?

Ti Ìpínlẹ̀ Delta tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún 16 ni ọmọkùnrin náà ní 2005, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìdánwò àṣekágbá, ó ń retí èsì, nígbà tí wọ́n mú un lórí ẹ̀sùn pé ó fi ìbọn ja fóònù gbà. Ó ní àwọn ọlọ́pàá lu òun títí òun fi fọwọ́ sí ìwé ìjẹ́wọ́ tí òun kò kọ. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ní 2013, wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún un. Àjọ Amnesty International gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ káàkiri ayé. Ìwé àti iṣẹ́ àrọwà tó lé ní 800,000 dé ọ̀dọ̀ gómìnà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún 2015, ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí yóò gbé ìjọba sílẹ̀, Gómìnà Emmanuel Uduaghan dárí jì í. Bí tíṣà bá wá sọ pé kí olúkúlùkù kọ lẹ́tà sí gómìnà náà, kí àwọn kan bẹ̀bẹ̀, kí àwọn kan sì ní kó má dá sí i, yóò rí lẹ́tà tí kò rí irú rẹ̀ rí nínú ìdánwò àròkọ.

Ẹbí òkú náà ní ohùn

Aṣìṣe tí a kò gbọdọ̀ ṣe ni kí a sọ ẹ̀kọ́ yìí di àánú fún ẹlẹ́ṣẹ̀ nìkan. Lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìbẹ̀rù ajínigbé kì í ṣe ìtàn ìwé. Nínú kíláàsì ogójì ọmọ, ó lè jẹ́ pé ọ̀kan wà tí adigunjalè pa bàbá rẹ̀, tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí tíṣà fi èyí sọ́kàn kó tó la ẹnu.

Ní oṣù Kọkànlá 2021, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá ṣe ìdánwò ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kú sí ilé ìtura kan ní Ilé-Ifẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún 2023, ilé-ẹjọ́ gíga ní Òṣogbo dá ẹjọ́ ikú fún ẹni tó ni ilé ìtura náà àti méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà lọ́jọ́ náà pé òfin Nàìjíríà ṣì lè mú olówó. Èrò yẹn kì í ṣe ti ẹni burúkú. Kí ó rí àyè jókòó nínú kíláàsì. Bákan náà ni ti Aluu, lẹ́bàá Port Harcourt, níbi tí èrò ti pa akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́rin ní oṣù Kẹwàá 2012 lórí igbe olè. Ní 2017, ilé-ẹjọ́ dá ẹjọ́ ikú fún mẹ́ta nínú àwọn tó lọ́wọ́ sí i; ọlọ́pàá wà lára wọn. Ẹ̀sùn olè tí wọ́n fi lé ènìyàn láàárọ̀ ti di ẹ̀sùn ìpànìyàn lórí àwọn tó ń lé.

Ẹ̀sìn náà kò ní gbélé. Nínú kíláàsì Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ mùsùlùmí àti ọmọ onígbàgbọ́ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan. Bíbélì kan náà tó ní kí wọ́n ta ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ló sọ pé Ọlọ́run fi àmì sára Kéènì kí ẹnikẹ́ni má baà pa á. Kùránì gba ẹ̀san láyè nínú Súrà Baqara, ó sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ níbẹ̀ kan náà fún ẹbí òkú láti dárí jì, kí wọ́n gba owó ẹ̀jẹ̀. Ọmọ tó bá rí i pé ìdájọ́ àti àánú jọ wà nínú ìwé mímọ́ òun kò ní máa fi ẹsẹ kan ṣoṣo dí ẹlòmíràn lẹ́nu.

Ẹ̀rí tí kò rọrùn

"Bí a kò bá pa wọ́n, wọn yóò máa pọ̀ sí i." Ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ yóò kọ́kọ́ sọ nìyí, torí òun ni wọ́n ń gbọ́ nílé. Kí tíṣà má bá wọn jà. Kí ó gbé ẹ̀rí síwájú wọn. Ní 1971, ìjọba ológun bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn pa adigunjalè ní gbangba ní Bar Beach ní Èkó. Ìṣọ̀lá Oyènúsì kú síbẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, èrò rẹpẹtẹ sì ń wòran. Ọdún 15 lẹ́yìn náà, Lawrence Anini ń da ìlú Benin láàmú títí wọ́n fi mú un, tí wọ́n sì yìnbọn pa á ní oṣù Kẹta 1987. Èyí nìkan kò fi hàn pé ikú kì í dẹ́rù ba ọ̀daràn, torí kò sí ẹni tó mọ iye tí ì bá jalè tí wọn kò bá pa ẹnikẹ́ni. Kíkọ́ ọmọ láti rí ohun tí ẹ̀rí sọ àti ohun tí kò sọ, ẹ̀kọ́ ńlá ni.

Ó tún ku ti àṣìṣe tí kò ṣe é tún ṣe mọ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin 1985, wọ́n yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta lórí ẹ̀sùn òògùn olóró. Àṣẹ 20 ti 1984 tí wọ́n fi pa wọ́n, lẹ́yìn tí wọ́n ti mú àwọn kan lára wọn ni ó jáde. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n yẹgi fún Derek Bentley, ọmọ ọdún 19, ní oṣù Kìíní 1953. Ní 1998, kóòtù wọn fagi lé ìdálẹ́bi náà, ọdún 45 lẹ́yìn tó ti wà nínú ilẹ̀.

Bodè wa náà kò jìnnà. Togo fòpin sí ìdájọ́ ikú ní 2009. Orílẹ̀-èdè Benin fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé láti fòpin sí i ní 2012. Ní 2016, kóòtù wọn tó ń bójú tó ìwé-òfin fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ghana mú un kúrò fún ìpànìyàn ní 2023. Yorùbá ni Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà, Yorùbá ni Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin. Adájọ́ tó ń dá ẹjọ́ apànìyàn fún èkínní lè ní kí wọ́n yẹgi, ti èkejì kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Kí àwọn ọmọ bèèrè ìdí.

Bí iṣẹ́ náà ṣe lè lọ

Ìgbẹ́jọ́ àfiṣeré ló dára jù. Kí tíṣà ṣètò ẹjọ́ kan tí kò sí lóòótọ́, kí ó má lo orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ìlú. Kí àwọn ọmọ jẹ́ adájọ́, agbẹjọ́rò ìjọba, agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́, ẹlẹ́rìí, akọ̀wé kóòtù, kí ẹnìkan sì jẹ́ ìyá ẹni tó kú. Kí ìdájọ́ kúrò ní ilé-ẹjọ́ gíga lọ sí kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, kí ó dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ, kí ó wá bọ́ sórí tábìlì gómìnà tí abala 212 fún ní agbára àforíjì. Gómìnà yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀ yóò le jù. Àwọn tó ń dúró de ikú nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà lé ní 3,000. Lẹ́yìn àwọn mẹ́rin tí wọ́n yẹgi fún ní ìlú Benin ní 2013 àti àwọn mẹ́ta ní 2016, ọ̀pọ̀ gómìnà kì í fọwọ́ sí ìwé ikú, wọn kì í sì í fọwọ́ sí ti ìdáríjì. Kí ọmọ tó ń ṣe gómìnà sọ ìdí tí òun náà fi fẹ́ sá fún bírò.

Kí ìdìbò "bẹ́ẹ̀ ni" àbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" gbẹ̀yìn, kí tíṣà má sọ ìbò tirẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gbé fídíò ibi tí wọ́n ti ń pa ènìyàn wá láti orí fóònù. Ojú tó bá ti mọ́ ọn kì í ronú mọ́. Kí ọmọ tí ọ̀rọ̀ náà bá kan ara rẹ̀ ní àyè láti jáde láìsí ìbéèrè.

Àwọn tó lè ràn wá lọ́wọ́ kò jìnnà. Yunifásítì Ajayi Crowther ní Ọ̀yọ́ ń kọ́ àwọn amòfin. Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Emmanuel Àlàyándé wà nínú ìlú kan náà, ó ń kọ́ tíṣà. Àwọn agbẹjọ́rò wà ní Ọ̀yọ́, wọ́n wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀yin ọ̀gá iléèwé, ẹ pè wọ́n, ẹ fún iṣẹ́ yìí ní ọ̀sẹ̀ méjì nínú táàmù. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá dé ilé tó bi yín pé ta ló yẹ kó kú, ẹ má ṣe lé e lọ fọ abọ́. Ẹ bi í pé kí ni ẹlẹ́rìí sọ. Ọmọ ọdún 17 tó wà ní SS3 lónìí yóò tó ìbò dì lẹ́yìn ọdún kan. Ẹni tó bá dìbò fún ni yóò jókòó sídìí ìwé tí ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀.